Ẹlẹ́rìí Tí Yóò Jẹ Ilẹ̀

"Èmi ò ní í kí i," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Ẹ̀rọ ni. Ọmọ ọdún mélòó tiẹ̀ ni?"

Atọ́lẹ̀wò, ẹ̀rọ tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ fi ń mọ ibi tí erùpẹ̀ ti wá, dúró lórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́ta láàárín oko kókò. Ó panu mọ́, ó kọjú sí ọ̀sà bí ìyálé tí wọ́n pín ẹran tí wọn ò rántí. Àwọn tó ṣe é ní àwọn ò fẹ́ kí ọ̀làjú ba ìwà jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ẹ̀kọ́ ilé sínú rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kó ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Ìlú tó fẹ́ kó ṣiṣẹ́ lónìí ni Òkè-Adúró. Ọ̀dọ̀fin ni ẹnu ìlú Òkè-Adúró, ẹnu ọ̀hún ló sì takú yìí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kí i ká lè ṣe ohun tá a wá ṣe," ni Ìbídùn wí. Òun ni Ẹlẹ́rìí ọjọ́ náà, ọmọ Òkè-Adúró tó ti kàwé dé ibi tí wọ́n ń fi ìbúra síni lọ́rùn. Aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀ ti kan ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Kí ìjòyè kí ẹ̀rọ ṣáájú? Òun ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún mi."

"Kò ní orúnkún, sà."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn. Wọn ò kọ́ ọ dáadáa."

Lẹ́yìn wọn, àga Ọba Olókè tún ń rì. Òfin Òkè-Adúró ni pé orí kankan kò gbọdọ̀ ga ju orí ọba lọ. Nígbà tí òkè ṣì wà, òfin yìí rọrùn: ọba á jókòó sí góńgó òkè, gbogbo ayé á sì wà nísàlẹ̀. Nísinsìnyí tí òkè ti lọ, àga kan ló ń ṣe iṣẹ́ òkè. Àga náà ní ojú tó ń wọn orí gbogbo ẹni tó bá sún mọ́ ọba, á sì na ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ọba á fi ga ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n gbé e kà yìí jẹ́ ẹrẹ̀ tí omi ò tíì jáde nínú rẹ̀ tán. Bí àga bá ga sókè ní ìka mẹ́ta, ilẹ̀ á gba ìka mẹ́ta padà. Láti òwúrọ̀ ni Kábíyèsí ti ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ̀rọ àga ń kérora, tí ojú ọba ò sì yí padà rárá. Ká sọ tòótọ́, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún ẹ̀kọ́ kí ojú èèyàn tó lè rí bẹ́ẹ̀.

"Kí i," ni ọba wí, láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀, ó dọ́wọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìgbà tó parí rẹ̀.

Ọ̀dọ̀fin wúkọ́. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ kú ìdúró," ni Atọ́lẹ̀wò dáhùn. Ohùn ìyá àgbà ni wọ́n fún un. "Ilé ń kọ́? Ilẹ̀ ń kọ́?"

"Ó wà," ni Ọ̀dọ̀fin wí, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ìkíni yẹn kó má dáhùn. Láti ìgbà tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni gbogbo wa ti ń kí ara wa bẹ́ẹ̀. Bí Ọ̀dọ̀fin ṣe pa irọ́ àkọ́kọ́ ọjọ́ náà nìyẹn, nítorí pé ilẹ̀ tirẹ̀ kò sí. Kòtò ló wà níbẹ̀.

Lápá kejì oko, àwọn ará Ilẹ̀dé dúró, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n gbé ọmọ pọ̀n, wọ́n fi àdá kọ́ èjìká. Baálẹ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ló ṣáájú wọn. Bí wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní Baálẹ̀, ìpè lásán ni. Ará omi ni wọ́n, òkun ti gba ìlú wọn lọ́jọ́ tó ti pẹ́, inú ọkọ̀ ni wọ́n sì ń gbé títí erékùṣù ẹrẹ̀ yìí fi yọrí lẹ́nu ọ̀sà. Wọ́n gun orí rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ilẹ̀dé. Kò sí ẹni tó bínú sí wọn nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tó ka ẹrẹ̀ sí ilẹ̀.

"Kábíyèsí," ni Baálẹ̀ wí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí aṣọ òun dọ̀tí, "ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló ní kí ẹ gé gbogbo igi orí òkè yín?"

Ọ̀dọ̀fin ló dáhùn. "Kí ará ọ̀nà lè máa rí ààfin láti ojú títì ni."

"Òjò náà sì rí i."

Àwọn ará Ilẹ̀dé rẹ́rìn-ín. Ìbídùn ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀. Ó rántí ọdún tí igi tó kẹ́yìn wó, tí wọ́n se àsè sí i. Ó rántí òjò ọdún kejì, bí ọ̀gbàrá ṣe kọ́kọ́ la ojú kékeré kan bí ojú ọgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí gbogbo ìlú ń fò ó kọjá, tí ọba ní kí wọ́n da yanrìn sí i. Ọdún kẹta, ewúrẹ́ já sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ilé ń já sínú rẹ̀.

"A ò wá síbí wá jà," ni Ọ̀dọ̀fin wí. "Òkè wa ò kú. Ìrìn àjò ló lọ. Ibi tó bá sì sùn sí, a ó jí i ká mú un relé."

Kò sí ẹni tó nílò àlàyé ohun tí "ká mú un relé" túmọ̀ sí. Lẹ́yìn erékùṣù náà, ọkọ̀ afalẹ̀ mẹ́ta ti dúró sójú ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì wọn ń dún kùùkùù, páìpù tí ènìyàn lè dúró nínú rẹ̀ kọ́ sí imú kọ̀ọ̀kan. Bí Ẹlẹ́rìí bá ti jẹ́rìí sí i pé erùpẹ̀ Òkè-Adúró ni, wọn ó fi páìpù fa Ilẹ̀dé mu, oko, ilé àti gbogbo rẹ̀, wọn ó sì pọ̀ ọ́ sórí òkè padà.

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹrẹ̀ ìdí kókò kan, ó fi sẹ́nu Atọ́lẹ̀wò. Ẹ̀rọ náà jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń tọ́ ọ wò bí ìyá tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè. Àwọn tó ṣe é mọ irú àwọn oníbàárà tí wọ́n ní. Wọn ò jẹ́ kó sọ orúkọ ìlú lásán, wọ́n jẹ́ kó kì í.

"Ọmọ Òkè-Adúró ni erùpẹ̀ yìí! Ọmọ òkè tí kì í mì! Ọmọ òkúta tí òjò rí tó yà fún!"

Àwọn ìjòyè na ọwọ́ sókè. Ọba fi ìrùkẹ̀rẹ̀ dá a lóhùn, àga rẹ̀ sì rì.

"Mo rí amọ̀ ògiri ilé," ni ẹ̀rọ ń bá a lọ, ní ohùn jẹ́jẹ́. "Mo rí eérú àdògán. Mo rí egungun àwọn tí a sin sí yàrá."

"Kò sí ti ààfin níbẹ̀ ni?" ni Ọ̀dọ̀fin bi í.

"Òkúta ààfin wúwo. Kò dé ibí."

Òtítọ́ ni. Odò tó ń sáré lè gbé òkúta. Bó bá ti rẹ̀ ẹ́, á sọ òkúta kalẹ̀, á di yanrìn mú. Bó bá tún rẹ̀ ẹ́ sí i, á sọ yanrìn náà kalẹ̀. Ẹrẹ̀ ló ń gbé dé ẹnu ọ̀sà, níbi tí omi òkun ti ń tì í láyà, tí kò sì lágbára mọ́ láti gbé ohunkóhun. Ìpìlẹ̀ ààfin jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè, kò lọ ibì kan. Ògiri amọ̀ àwọn tálákà ló rìn jìnnà jù. Ọ̀dọ̀fin kò fẹ́ràn àlàyé yìí, ó ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú.

Ẹnu Ìbídùn ló kù báyìí.

Òfin ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé òfin nìyí: Ki eleri je ti ile naa. Àwọn aṣòfin tó kọ ọ́ kàwé gan-an, wọ́n kàwé débi tí wọn ò ráyè fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni kí ẹlẹ́rìí jẹ́ ti ilẹ̀ náà, kó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, kó má ṣe àjèjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé òfin fún ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ka ohun tí ó rí: kí ẹlẹ́rìí jẹ ti ilẹ̀ náà. Kó bù ú jẹ. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e títí. Wọn ò lè sọ fún ayé pé àwọn gbàgbé àmì kan, ni wọ́n bá ní méjèèjì ni àwọn ní lọ́kàn. Lónìí, ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní yunifásítì tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàlàyé bí àwọn baba ńlá wa ṣe ń jẹ ilẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ̀rọ sì ti pa méjèèjì pọ̀ di ẹ̀kẹta: ẹni tí kò bá jẹ ti ilẹ̀, kò jẹ́ ti ilẹ̀.

Ẹni tí kò sì jẹ́ ti ilẹ̀ kankan, omi ni ibùgbé rẹ̀. Gbogbo ọmọ ìlú ló ní ẹ̀gbà lọ́rùn ẹsẹ̀, dígí róbótó kan wà lára rẹ̀, erùpẹ̀ ìlú rẹ̀ sì wà nínú dígí náà. Wọ́n ti fi ti Ìbídùn sí i lẹ́sẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí kò ní ẹ̀gbà kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó ní ẹni tó ni ín. Ilẹ̀ tó sì ní ẹni tó ni ín ni gbogbo ilẹ̀ ayé báyìí, àyàfi ẹrẹ̀ bí irú Ilẹ̀dé.

Obìnrin kan ti àárín àwọn ará Ilẹ̀dé jáde wá, ẹrẹ̀ dé ojúgun rẹ̀.

"Ìbídùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàsán."

Mosún ni, ọmọ ìyá rẹ̀. Òun náà ti ní ẹ̀gbà Òkè-Adúró nígbà kan rí, ó sì bọ́ ọ lọ́jọ́ tó bá ọkọ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi.

"Ṣé o ti jẹun kí o tó wá?" ni Mosún bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Mi ò fi ọ́ ṣẹ̀sín. Ilẹ̀ ò dáa lórí ikùn òfìfo ni mò ń sọ."

"Obìnrin yìí, kúrò lọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìí!" ni Ọ̀dọ̀fin kígbe.

"Àbúrò mi ni. Ẹ̀yin lẹ kúrò lórí kókò mi."

Ọ̀dọ̀fin wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lóòótọ́, orí ewé kókò ló dúró sí. Kò kúrò.

Ọba Olókè gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ènìyàn sì dákẹ́. Ẹ má jẹ́ ká rẹ́ ẹ jẹ, ohùn ọba náà dára, ohùn tó lè mú kí ènìyàn gbàgbé àga.

"Ìbídùn, ọmọ mi. Mo mọ bàbá rẹ. Yàrá rẹ̀ ni ẹ sin ín sí, bó ṣe yẹ ọmọkùnrin. Ṣé o rántí ọjọ́ tí yàrá náà lọ?"

Ó rántí. Ọ̀sán gangan ni, òjò ti dá. Ó sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ilẹ̀kùn yàrá bàbá rẹ̀ nínú férémù rẹ̀, kò sí yàrá lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà mọ́. Atẹ́gùn ń ṣí i, ó ń tì í, lórí àfo.

"Bàbá rẹ ń bẹ nínú ẹrẹ̀ yìí," ni ọba wí. "Ẹ̀rọ ti sọ ọ́. Ṣé abẹ́ kókò àwọn àjèjì ló máa wà? A ó gbé e relé. A ó sin ín lẹ́ẹ̀kejì sórí òkè, èmi fúnra mi yóò sì wà níbẹ̀."

"Kábíyèsí," ni Ìbídùn wí, ohùn rẹ̀ kéré, "èwo nínú rẹ̀ ni bàbá mi?"

Ọba wo Ọ̀dọ̀fin. Ọ̀dọ̀fin wo ẹrẹ̀ náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Ẹ̀rọ yóò ṣà á," ló wí.

"Bí òjò bá tún rọ̀ ń kọ́?"

"Òjò wo? A ti yan orúkọ fún òkè tuntun náà pàápàá. Òkè-Adúró-Títí."

"Bàbá kò sùn dáadáa tó báyìí rí," ni Mosún wí. "Nígbà tó wà lórí òkè, ọdọọdún ni ẹ ń kun ojú oórì rẹ̀ lọ́dà nítorí àlejò. Nígbà tí ilẹ̀ ń sán lábẹ́ rẹ̀, mélòó nínú yín ló wá wò ó? Níbí, kókò là ń gbìn sí i. Ó sì ń ta."

Ọ̀dọ̀fin na ìka sí i. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Wọ́n ń jẹ bàbá wọn!"

"Ẹ̀yin lẹ gbé e wá fún Ìbídùn pé kó jẹ."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Mosún súnmọ́ àbúrò rẹ̀, ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà níbẹ̀.

"Inú ọkọ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ gun ibí, wọn ò lè dúró. Ara wọn ń mì, wọ́n ń dì mọ́ra wọn, wọ́n rò pé ilẹ̀ náà ń mì bí ọkọ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó gbà pé kò ní í lọ. Mi ò bẹ̀ ọ́ o. Mo kàn ń sọ fún ọ ni."

Ìbídùn bu ẹrẹ̀ díẹ̀ sáàárín ìka mẹ́ta. Ó tutù, ó sì kúnná bí àtíkè.

Ẹ má rò pé nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ni ọkàn rẹ̀ fi ń lọ síwá sẹ́yìn. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn aṣọ funfun náà àti bí àwọn àgbà ṣe ń dìde fún un ní ìpàdé. Ní ìkọ̀kọ̀, ó ti ra fìlà tí yóò dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í sínú Ìgbìmọ̀, fìlà obìnrin tó ní ìyẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun tìkára rẹ̀ sì ti búra pé òtítọ́ ni òun yóò máa sọ, òtítọ́ sì nìyí láàárín ìka òun: erùpẹ̀ Òkè-Adúró ni, kò sí àríyànjiyàn. Tó bá jẹ ẹ́, kò parọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á wọ páìpù lọ, òkè á ga fún ọdún mélòó kan, òjò á sì tún rọ̀. Tí kò bá jẹ ẹ́, irọ́ ló pa lójú òfin, bẹ́ẹ̀ sì ni yóò dẹni tí kò ti ibì kan wá.

Ó gbé e súnmọ́ ẹnu. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ti ń retí òórùn ilé, òórùn òkè lẹ́yìn òjò, ohunkóhun tó lè mú kó mọ̀ pé ilé rẹ̀ ni. Òórùn ẹja ló ní, àti ti gbòǹgbò kókò.

Ó la ìka rẹ̀. Ẹrẹ̀ náà bọ́ sílẹ̀.

"Mi ò jẹ ẹ́."

"Ẹ tún un sọ," ni Atọ́lẹ̀wò wí pẹ̀lú ìtẹríba.

"Mo ní mi ò jẹ ẹ́."

"Ìbídùn!" Ọ̀dọ̀fin ló kígbe. "Ṣé orí rẹ pé? Kábíyèsí, kò jẹun láti àárọ̀ ni, ẹ jẹ́ ká fún un lómi..."

"Ẹni tí kò jẹ ti ilẹ̀, kò jẹ́ ti ilẹ̀," ni ẹ̀rọ wí. "Ẹ̀ẹ̀kan là ń dá ẹjọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ẹlẹ́rìí kọ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń gbé orí rẹ̀. Ẹ kú ìdúró."

Ẹ̀gbà ọrùn ẹsẹ̀ Ìbídùn dún pẹ́ú, ó ṣí fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ibi tó wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ funfun báláú, ó rí bí ẹsẹ̀ ọmọ tuntun.

Ọba Olókè kò pariwo. "O ti pa òkè," ló sọ, kò sì tún wo apá ibẹ̀ mọ́. Ó fẹ́ lọ, àga rẹ̀ kò lè lọ. Gbogbo gíga tó ti ga láti òwúrọ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Àwọn géndé Ilẹ̀dé ló wá fà á yọ. Wọ́n gbé ọba lọ sí ọkọ̀ tàgatàga, òun sì jókòó gan-an láàárín wọn, kò kí wọn, àga ń na ẹsẹ̀ gbọọrọ sínú afẹ́fẹ́ nítorí orí wọn. Lójú ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì àwọn ọkọ̀ afalẹ̀ kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà náà ni ayọ̀ bẹ́. Àwọn obìnrin ń fò, wọ́n ń ju ẹrẹ̀ lu ara wọn. Mosún di àbúrò rẹ̀ mú, ó ń sunkún sí i lọ́rùn, aṣọ funfun náà sì di aṣọ ẹrẹ̀ tán pátápátá. Baálẹ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ wá di ọwọ́ Ìbídùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Àna wa," ló ń wí, "àna wa dáadáa! Ilẹ̀ yìí ò ní í gbàgbé rẹ!"

Atọ́lẹ̀wò ṣí ikùn rẹ̀. Ẹ̀gbà tuntun ló wà níbẹ̀, ó ń bu erùpẹ̀ Ilẹ̀dé sínú dígí wọn, ó ń nà wọ́n síta. Baálẹ̀ ló gba àkọ́kọ́. Ó fi sẹ́sẹ̀, ó rìn síwájú, ó rìn padà. Ìrìn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ti ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ń wo ẹsẹ̀ òun.

"Kí ni oríkì ìlú yìí?" ni ẹ̀rọ bi í.

Kò ronú rárá. Ó jọ pé ó ti wà nílẹ̀ fún un tipẹ́. "Ọmọ Ilẹ̀dé tí kì í lọ! Ọmọ erùpẹ̀ ayérayé, tí omi rí tó dọ̀bálẹ̀!"

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn wọn, ní etí omi, ẹ̀là ilẹ̀ kan tó tó ẹní já sínú ọ̀sà, pọ̀ọ̀, kò sì sẹ́ni tó yíjú padà. Baálẹ̀ ti sáré lọ bá Ọ̀dọ̀fin níbi tó ti ń fa agbádá rẹ̀ wọ ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Olóyè. Àga yẹn. Ibo lẹ ti rà á?"

Ìgbà tó padà dé ni Atọ́lẹ̀wò tún sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́, bí ìyá àgbà tó rí ọmọ tó wọ bàtà wọ yàrá.

"Ẹsẹ̀ kan wà lórí ilẹ̀ yìí tí kò ní ẹ̀gbà."

Gbogbo wọn wo ẹsẹ̀ ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ti Ìbídùn.

"Ẹ fún un ní ọ̀kan," ni Mosún wí. "Ṣebí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀."

Baálẹ̀ kọjú sí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ lójú ọ̀sà.

"Baálẹ̀, ẹ fún un ní ọ̀kan."

"Mosún, tẹ́tí sí mi. Tí mo bá fún un, ohun tí ará Òkè-Adúró máa sọ ni pé a fi ilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó kọ̀. Wọ́n á gbé ẹjọ́ náà dìde. Àwọn ọkọ̀ yẹn ò tíì jìnnà."

"Òun ló gbà wá!"

"Ìdí nìyẹn gan-an." Ó fa ẹ̀gbà ẹsẹ̀ rẹ̀ kó jókòó dáadáa. "Yàtọ̀ síyẹn, ìlú ni wá báyìí. Ìlú ní ìlànà. Ọmọ bíbí ni ẹ̀gbà wà fún."

"Ta ni ọmọ bíbí níbí? Ìwọ? Inú ọkọ̀ ni ìyá rẹ bí ọ sí!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e mì kíákíá nígbà tí Baálẹ̀ yíjú. Kò tíì sí ẹni tó pe Baálẹ̀ ní ìwọ láti ìgbà tó ti di baálẹ̀ tòótọ́, ìyẹn láti nǹkan bí ìgbà tí èèyàn fi lè jẹ àgbàdo kan tán. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ni Mosún, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún.

"Ẹ fi sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi," ni Ìbídùn wí.

"Ó ṣeun tó yé ọ," ni Baálẹ̀ wí. Ó wo Ìbídùn, ojú rẹ̀ kò le, ó kàn rí bí ojú ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. "Ìyáàfin, ẹ má bínú. Ọkọ̀ kan wà létíbèbè. Ẹ máa mú un lọ, a bùn yín. Àwọn ará omi yóò gbà yín. Èèyàn dáadáa ni wọ́n."

Àwọn ará omi. Ará omi ni òun náà títí di ọ̀sán yẹn.

Ìbídùn rìn lọ sí etí omi. Mosún tẹ̀lé e, àwọn yòókù sì tẹ̀lé wọn, díẹ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń sin àlejò. Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé etí ọkọ̀.

"Ó kù," ni Baálẹ̀ wí.

Ó yíjú padà. Baálẹ̀ ń tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú bò ó dé orúnkún, ó ti ń gbẹ, ó ń là.

"Ilẹ̀ wa ni," ló wí, ojú ń tì í díẹ̀, kò sì padà sẹ́yìn. "Òfin ni. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ilẹ̀ ìlú lọ."

Mosún wo Baálẹ̀ títí. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀gbà tuntun sáré kiri. Lẹ́yìn náà ó wọ inú omi dé ìbàdí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà.

"Jókòó," ló wí fún àbúrò rẹ̀.

Ìbídùn jókòó sí etí ọkọ̀. Mosún gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ́lẹwọ́, ó bomi sí i, ó ń fi àtàǹpàkò họ ẹrẹ̀ náà kúrò láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí ìgbà tó ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Omi dúdú lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Odò mú un, ó sì ń gbé e lọ sójú òkun, kò béèrè ti ta ni.

"Gbé èkejì," ni Mosún wí.